Orin Ìjà, Orin Ìyìn: Èdè Wo ni Olórin Fi Ń Bá Aláṣẹ Wí?

Láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn orin ìgbàlódé ní ilẹ̀ Yorùbá, irú olùgbọ́ kan wà tí kì í fi adùn nìkan díwọ̀n orin. Bí ó bá gbé àwo sórí ẹ̀rọ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: ta ni olórin yìí ń bá wí, ta ni ó sì ń gbè? Ó gbà pé ọrọ̀ ìlú kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀, pé ìṣẹ́ mẹ̀kúnnù kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, àti pé olórin tí ó ń ki olówó ń ran ìrẹ́jẹ lọ́wọ́. Lójú irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì péré ni orin pín sí. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì wà ní ọ̀kan. Gbogbo àwọn tí ń fi jùjú, àpàlà àti fújì gba owó lóde ìnáwó wà ní èkejì.

Ìdájọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1976, Fẹlá gbé Zombie jáde, ó fi àwọn ọmọ-ogun wé ẹni tí kò ní ọkàn ti ara rẹ̀, tí kì í yà bí wọn kò bá ní kí ó yà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀ tí ó pè ní Kalakuta ní Èkó. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1978. Ní 1976 yìí kan náà, Ebenezer Obey gbé àwo kan jáde láti fi ti ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ológun lẹ́yìn, èyí tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation. Ẹni tí ó bá gbé àwo méjèèjì síwájú kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ èyí tí olórin fi ara rẹ̀ wéwu fún.

Fẹlá kò sì dúró lórí ọ̀rọ̀ àfẹnusọ gbogboogbò. Nínú I.T.T., tí ó jáde ní nǹkan bí 1980, ó dárúkọ Ọbásanjọ́, ó dárúkọ M.K.O. Abíọ́lá. Abíọ́lá yìí sì ni ọ̀pọ̀ olórin jùjú àti fújì ń kì nínú àwo wọn. (Ọ̀rọ̀ ìlú kò dúró sójú kan: ní 1993, Abíọ́lá kan náà ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù dìbò fún, tí ìjọba ológun fagi lé ìbò náà, tí ó sì kú sí àtìmọ́lé ní 1998. Ọ̀rọ̀ yóò ti di méjì lọ́kàn olùgbọ́ tí ó ti há I.T.T. sórí.)

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí olùgbọ́ yìí kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun ni ó kan òṣìṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà jù lọ: èdè wo? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Fẹlá ṣì ń fi Yorùbá kọrin. Jẹun K'ókú, tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1971, fi wọ̀bìà ṣe yẹ̀yẹ́. Àlùjọnjọnkíjọn wá láti inú àlọ́ Ajá tí ó fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run nígbà ìyàn, àlọ́ tí ọmọdé gbogbo mọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣèlú wá gbóná lẹ́nu rẹ̀, Píjìn ni ó dì mú, nítorí ó fẹ́ kí ohùn rẹ̀ kọjá ilẹ̀ Yorùbá, kí ó kárí Áfíríkà. Ó mọ́gbọ́n wá fún Èkó, ó mọ́gbọ́n wá fún Àkrá. Ṣùgbọ́n ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀ àti ní Ṣábẹ, Faransé ni èdè ìjọba àti ti ilé-ìwé. Àgbẹ̀ Kétu tí kò kàwé lè gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí Hárúnà Ìṣọ̀lá ń sọ nínú Òròkí Social Club, àwo àpàlà ti 1971, láìsí ògbufọ̀. Bí Zombie bá ń dún, ìlù àti fèrè ni ó bá a délé. Ẹjọ́ tí Fẹlá ń rò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà sí àárín àwọn ọmọ ìyá kan náà, orin tí ń bú amúnisìn tún fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé ìjìnlẹ̀ èdè ṣẹ́ kù sọ́wọ́ àwọn tí olùgbọ́ wa kò fẹ́ rí. Òwe, àṣàyàn ọ̀rọ̀, oríkì orílẹ̀, dídá àpólà gbólóhùn lé ìlù: ọ̀dọ̀ Hárúnà Ìṣọ̀lá ni ènìyàn yóò ti bá wọn, ẹni tí àwo rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ jẹ́ ìyìn fún ẹgbẹ́ gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí owó náírà dé ní 1973, Àyìnlá Ọmọwúrà fi àpàlà ṣe àlàyé owó tuntun náà fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ nínú ọjà. Ẹni tí ó bá pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpọ́nni lásán kò tíì fetí sílẹ̀ dáadáa. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí.

Ní apá ibí ààlà náà, ọ̀rọ̀ ìyìn gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1972, tí ó sì kéde ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ní 1974, àwọn olórin ń kọrin yin ìjọba tuntun náà. Olùgbọ́ tí ó kórìíra kíki olówó gba orin wọ̀nyí tọwọ́tẹsẹ̀. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Oríkì aláṣẹ kò yí padà di orin mẹ̀kúnnù nítorí pé aláṣẹ náà ń ka Marx.

Kò sí òótọ́ nínú èrò pé Yorùbá kò ṣeé fi ja irú ìjà yìí. Hubert Ògúndé ṣe eré Strike and Hunger ní 1945, ọdún ìyanṣẹ́lódì ńlá àwọn òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní 1950 ó ṣe Bread and Bullet lórí àwọn awakùsà 21 tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949. Gẹ̀ẹ́sì ni àkọlé wọn, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni eré Ògúndé gbé ẹsẹ̀ lé. Nígbà tí Yorùbá Ronú dé ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri agbègbè náà, òfin náà kò sì ká títí di 1966. Òtítọ́ ni pé ìjà láàárín àwọn aṣíwájú ni eré yìí ń dárò ju ìṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń ṣe aṣíwájú lé lórí lọ. Síbẹ̀ aláṣẹ gbọ́ ọ yé, ìdí nìyẹn tí ó fi bínú.

Ṣáájú Ògúndé ni Ẹ̀fẹ̀ ti wà. Ní Kétu àti láàárín àwọn Nàgó yòókù tí ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eléfẹ̀ a máa jáde ní òru, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà á kọrin lé ẹni tí ó bá hùwà àìtọ́ lórí, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe olóyè. Ní òru yẹn kò sí ẹni tí ó lè mú un fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí orin náà bá dùn mọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n á gbè é, á sì di orin ìlú. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára ère àti ijó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú Ẹ̀fẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ń wá orin ìṣèlú kọ́kọ́ lọ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìbániwí ti ní àkókò, ibi àti ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Ìjúbà fún àwọn ìyá yìí tún fi àléébù mìíràn hàn lára Fẹlá, èyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń fò dá. Nínú Lady (1972) ó fi obìnrin tí ó fẹ́ bá ọkùnrin dọ́gba ṣe yẹ̀yẹ́. Mattress (1975) burú jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ta ni? Ní àwọn ọdún 1940, ìyá rẹ̀ kó àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta jọ, ó kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, lẹ́yìn náà ni ìpàdé ìwé kíkà di ẹgbẹ́ tí ń béèrè ìdí tí obìnrin fi ń san owó-orí. Òṣìṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kì í rí àpẹẹrẹ tí ó ju èyí lọ nígbà gbogbo. Láti 1947, orin èébú ní èdè Ẹ̀gbá wà lára ohun ìjà àwọn obìnrin náà sí Aláké Adémọ́lá, wọ́n sì kọ ọ́ títí ọba fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, kí ó tó padà ní 1950. Ìyáàfin Ransome-Kuti, tí ó kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó sì ń sọ Yorùbá ní gbangba, àní níwájú àwọn òyìnbó aláṣẹ, kí ó lè yé àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

Ní 1979, Fẹlá gbé pósí lọ sí ẹnu-ọ̀nà Dodan Barracks ní Èkó, níbi tí olórí ìjọba ológun ń gbé, láti fi ikú ìyá rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ní 1981 ó fi ọ̀rọ̀ náà kọrin nínú Coffin for Head of State. Kò sí àwo rẹ̀ tí ó ní ìgboyà jù ú lọ. Píjìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀.