Hítà Ìjàpá àti Gbólóhùn Kan Tó Ń Ba Ọkọ̀ Jẹ́

Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Àgbàdo wa yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń tọ́jú Volkswagen àtijọ́ pẹ̀lú: "A ò nílò hítà ní ilẹ̀ yìí." Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi rí mọ ìwà mi. Gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn bá ń sọ láìronú, òun gan-an ni mo máa ń dá dúró lójú ọ̀nà. Ta ni "a" yẹn? Kí ni hítà gan-an nínú ọkọ̀ tí a ń pè ní Ìjàpá?

Ọ̀rọ̀ yìí kan púpọ̀ nínú yín. Àwọn kan ń wá Ìjàpá tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria tò pọ̀ l'Ékòó láti 1975 kiri, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun. Àwọn mìíràn wà lókè òkun tí wọ́n ti ra ọkọ̀ eré àtijọ́, Karmann Ghia tàbí Porsche 911. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tálákà ni mò ń sọ o! Ferdinand Porsche ló ṣe ètò Ìjàpá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Ferry, gbé Porsche 356 jáde ní 1948, lára ẹ̀yà Ìjàpá ló ti mú púpọ̀ nínú ohun tó fi ṣe é. Títí di nǹkan bí 1998 tí wọ́n fi fi omi rọ́pò afẹ́fẹ́ nínú 911, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹbí kan náà ni wọ́n, àìsàn wọn sì jọra.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, kò ní rẹdiétọ̀. Fáànù kan wà nínú páànù ńlá tó bo orí ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì ló ń yí i. Ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, ó ń fẹ́ ẹ sára sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1963, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ yìí ń gba họ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lọ sínú àpótí irin méjì tó yí páìpù èéfín ká. Ibẹ̀ ló ti ń gbóná. Tí awakọ̀ bá gbé ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́ẹ̀kì ọwọ́ sókè, kébùlù á ṣí ìlẹ̀kùn kékeré kan lẹ́nu àpótí kọ̀ọ̀kan. Ooru á wá gba inú irin abẹ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ lọ síwájú, dé ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ìdí gíláàsì iwájú.

Ẹ rí i báyìí: fáànù kan náà ló ń tu ẹ́ńjìnnì tó sì ń fún awakọ̀ ní atẹ́gùn. Ibi tí gbólóhùn wa ti kọsẹ̀ nìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ hítà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ rédíò, ohun tí èèyàn lè yọ jù nù kí ọkọ̀ má mọ̀.

Ẹni tó gba gbólóhùn yẹn gbọ́ á yọ àpótí méjèèjì, á fi páìpù lásán sí i, á sì fi ihò họ́ọ̀sì méjèèjì lára páànù fáànù sílẹ̀ gbayawu. Afẹ́fẹ́ kì í wá wàhálà. Ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà jáde. Èyí tó yẹ kó tu sílíńdà á máa fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ lásán. Tí rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká bá tún ti já, tí àwọn páànù kéékèèké tó ń ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀ bá ti sọnù (wọ́n sì sábà máa ń sọnù), fáànù á tún máa fa ooru tó ti lé jáde wọlé padà. Tí ọkọ̀ bá wá ń gun òkè ní oṣù kẹta, tí ẹ́ńjìnnì gbóná janjan, wọ́n á ní ooru ilẹ̀ wa ló fà á. Oòrùn ò mọ nǹkan kan nípa ihò méjì yẹn!

Ṣùgbọ́n mi ò lè dá mẹkáníìkì nìkan lẹ́bi. Ìwé ló yẹ kó kọ́ wọn, àwọn tó kọ ìwé ò sì ro tiwa. Èmi fẹ́ràn ìwé tí John Muir kọ ní 1969, *How to Keep Your Volkswagen Alive*, tí Peter Aschwanden ya àwòrán sí. Muir ń bá ẹni tí kò mọ nǹkan kan sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, kò sì fojú kéré rẹ̀. Ìwé Haynes ní tirẹ̀, tí àkọ́kọ́ nínú wọn jáde ní 1966 fún ọkọ̀ eré kékeré Austin-Healey Sprite, gbẹ bí èkùrọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé fọkàn tán. Síbẹ̀ ẹni tí otútù ń pa ni irú àwọn ìwé báyìí máa ń ní lọ́kàn. "Ooru kò jáde" ni ẹjọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ tiwa ni pé ooru ò yé jáde. Nítorí náà, ẹ kà á láti ẹ̀yìn. Níbi tó bá ti ní kébùlù lè má ṣí ìlẹ̀kùn, ẹ kà á pé ó lè má tì í.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tó ti tutù, kó máa gbé ọ̀pá sókè, kó máa sọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnì kejì máa wo ìlẹ̀kùn kékeré lábẹ́. (Ẹ gbé ọkọ̀ lé orí ohun tó dúró gírígírí o, kì í ṣe jáàkì nìkan.) Tí ọ̀pá bá lọ tí ìlẹ̀kùn ò mì, kébùlù ti já tàbí ó ti dípẹtà mọ́nú. Tí ìlẹ̀kùn bá ṣí tí kò padà, ẹ fọ ìdí rẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì sí i. Tí apá kan bá ń gbóná tí èkejì ò gbóná, ẹ wo họ́ọ̀sì apá ibẹ̀ kí ẹ tó ná owó kankan.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Àpótí yẹn yí páìpù èéfín ká. Tí páìpù bá lu nínú rẹ̀, èéfín á wọ inú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí. Tí ìlẹ̀kùn kò bá sì tì dáadáa, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀pá. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn ọ́ìlì tó ń jó, tí àwọn èèyàn kórìíra, máa ń wá láti ara ọ́ìlì tó ń kán sórí àpótí gbígbóná. Ó kéré tán, ó ń sọ fún yín pé ọ̀nà wà láti ibẹ̀ dé imú yín. Kí òórùn má sì sí, ẹ̀rí kọ́ nìyẹn pé èéfín ò sí. Awakọ̀ á délé, á ní orí ń fọ́ òun, èébì ń gbé òun, oorun ń kun òun lójú ọ̀nà. Wọ́n á ní ibà ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Àwa kan náà la mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ ń ṣe fún ẹbí tó sùn, a ò kàn gbà pé ọkọ̀ lè ṣe irú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ "a" ńkọ́? Ẹni tó ń sọ pé a ò nílò hítà kò tíì wakọ̀ jáde ní aago márùn-ún àárọ̀ nínú òjò, tí gíláàsì iwájú ti ṣú látinú, tó ń fi àkísà nù ún lórí eré. Ooru ìdí gíláàsì yẹn ni wọ́n fi ń lé e. Ẹ má sì gbàgbé ihò atẹ́gùn iwájú gíláàsì lára àwọn tó jáde láti 1968. Ewé máńgòrò máa ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde níbẹ̀, omi á wá kún inú rẹ̀, á máa kán sẹ́sẹ̀ yín.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ yọ hítà kúrò, kó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó fi ìdérí tó bá a mu dí ihò méjèèjì lára páànù fáànù pinpin, kó sì dí ọ̀nà tó wọ inú ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí yìnyín ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ inú àpótí méjèèjì wò kí otútù tó dé. Ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tí carbon monoxide bá ti wọlé, kí ẹ gbé e sínú ọkọ̀.