Aṣọ Kan Náà, Ìwà Kan Náà?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé ara aṣọ kan náà ni a ti gé ènìyàn méjì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìwà àwọn méjèèjì bára mu. Wọ́n lè fi yin ni, wọ́n sì lè fi bú ni. Bí òwú bá ṣe rí nínú ìgàn aṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí nínú gbogbo ègé tí a bá gé kúrò lára rẹ̀.

Èmi náà ti túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, nínú ìtàn baba kan àti ọmọ rẹ̀, olóríkunkun méjì tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo kà á fún ìyá àgbà mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí mo ti dé ibẹ̀, wọ́n ní, "Ìnáwó ta ni wọ́n ń lọ?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Wọn kò ṣì mí gbọ́. Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ta ni yóò gbọ́ "aṣọ kan náà" ní Èkó tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí aṣọ ẹbí? Owó ni a fi ń rà á. Ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò lè rà á pẹ̀lú. Bí òde bá tú, oníkálùkù á gbé ìwà rẹ̀ lọ sílé. Ọmọ ìyá ẹni tí kò rówó rà á ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹbí mọ́ ni? Ẹ wo Ẹ̀yọ̀ náà. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀. Akẹtẹ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Làbà. Ohun tó jọ ohun la fi í wé ohun. Aṣọ Èkó kò jọ ìwà.

Ẹlòmíràn lè ní "Ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́" ti tó. Ó dára fún ọ̀rẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n baba àti ọmọ tèmi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìjọra wọn gan-an ló dá ìjà wọn sílẹ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wá lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, inú ìyá ni Yorùbá ti ń wá a. Nítorí náà mo pa aṣọ rẹ́, mo kọ ọ́ pé, "Oríkunkun baba ni a bí mọ́ ọmọ."

Mo tún un kà fún ìyá àgbà. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Mo mọ irú wọn."