Èdè Wo Ni A Fi Ń Wo Bárakú Sàn?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti dè mọ́lẹ̀ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò kí ó tó ṣí ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ náà ni bárakú. Bí ikọ́ bá ń ṣe ènìyàn, tí ó lọ tí ó tún padà, tí a rò pé ó ti tán ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ dé tí ó tún gbérí, ikọ́ bárakú ni à ń pè é. Bí ọtí bá di ohun tí ènìyàn kò lè ṣe kí ó má mu, a ní ó ti di bárakú fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a lò fún méjèèjì. Ìwé àwọn onímọ̀ ìṣègùn òde òní ń kọ́ wa pé àìsàn tí í lọ tí í bọ̀ ni irú nǹkan báyìí, pé kì í ṣe ìwàkíwà lásán. Èdè Yorùbá ti fi í sí ẹ̀gbẹ́ ikọ́ àti làkúrègbé kí àwọn ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ tún wo bí a ti to gbólóhùn náà. A kì í sọ pé ènìyàn ni bárakú. Ọtí ni ó di bárakú fún un. Ẹni náà dá dúró, ohun tí ń bá a jà dá dúró. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ mìíràn wà lẹ́nu wa bákan náà: ọ̀mùtí, amugbó, aláṣedànù, ọmọ ìta. Àwọn wọ̀nyí kò sọ pé nǹkan ń ṣe ẹnì kan. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá a. Èdè kan náà ni ó bí orúkọ àìsàn àti orúkọ èébú. Èyí tí olùtọ́jú bá mú nínú méjèèjì ni yóò sọ bóyá aláìsàn yóò jókòó tàbí yóò gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ni ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Awakọ̀ ni. Ìdí paraga ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ní gáréèjì, ìdí rẹ̀ náà ni ó sì ń parí rẹ̀ sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí ìyàwó rẹ̀ lè fi ṣe àṣírí mọ́, mo mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni ó gbà wá, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ó ti ilẹ̀kùn, kò bú ẹnikẹ́ni, kò kanjú. Lẹ́yìn ìbéèrè bíi mélòó kan, ó wò wá, ó sì wí pé: "Láti oókan dé ẹẹ́wàá, ibo ni ìmúrasílẹ̀ yín láti yí padà wà?" Àbúrò mi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ fún wọn?" Mo ní kí ó sọ ti inú rẹ̀. Ó dìde díẹ̀ lórí àga, bí ọmọ iléèwé tí a pè níwájú pátákó, ó ní, "Mẹ́wàá ni, mà." Ọmọbìnrin náà kọ mẹ́wàá sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò mi ti sá kúrò níbẹ̀.

N kò lè dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ohun tí a kọ́ ọ ni ó ṣe, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Nítorí náà ni mo ṣe lọ wá ohun tí a kọ́ ọ. Mo tọrọ àwọn ìwé náà, mo kà wọ́n. Nígbà tí àyè sì yọ, mo tọrọ pé kí a jẹ́ kí n jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re, pásítọ̀ àti àwọn mìíràn ní iṣẹ́ yìí. Bí a ti ń ṣe lámèyítọ́ ìwé ìtàn tàbí eré orí ìtàgé ni mo fẹ́ ṣe ti ẹ̀kọ́ náà níhìn-ín, nítorí pé òun náà ní èdè, ó ní ìlànà, ó sì ní irú ènìyàn tí ó lérò pé yóò gbọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára, nítorí ó pọ̀. Universal Treatment Curriculum ni orúkọ ẹ̀kọ́ náà. Colombo Plan, àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1951 tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Sri Lanka, ni ó ṣe é, pẹ̀lú owó ìjọba Amẹ́ríkà. Ìwé mẹ́jọ ni ti ìpele àkọ́kọ́: ohun tí oògùn ń ṣe nínú ọpọlọ, ètò ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn àìsàn ọpọlọ tí í bá bárakú rìn, ọgbọ́n ìgbani-nímọ̀ràn, àyẹ̀wò, ìmójútó aláìsàn, ìgbà ìdààmú, àti ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́. Láàárín 2013 sí 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ná owó lórí iṣẹ́ kan tí UNODC, ẹ̀ka àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe ní Nàìjíríà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùtọ́jú sì wà nínú rẹ̀. A nílò rẹ̀ lóòótọ́. Ìwádìí ìjọba tí a gbé jáde ní 2019 fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí í ṣe ẹnì kan nínú méje. Ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, ó tó ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. A kò tíì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn.

Ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ nìkan tó ìdí tí a fi ní láti dúpẹ́. Ní 2019, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Nàìjíríà, ní ilé ìjọba, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọgbà àwọn Mùsùlùmí. Kò sí ìkankan nínú wa tí ó lè nawọ́ sí ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́ olùtọ́jú pé a kì í na aláìsàn, a kì í dè é, a kì í tú àṣírí rẹ̀ sójú ọjà, iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo ń sọ pé ohun òkèèrè kò dára, tiwa ni ó dára. Ibi tí ẹjọ́ mi wà yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ọkàn ẹ̀kọ́ náà ni ìfetísílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan wà tí William Miller, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1983, tí òun àti Stephen Rollnick sì sọ di odidi ìwé ní 1991. Kókó rẹ̀ kò le: ẹni tí ọtí di bárakú fún, ọkàn rẹ̀ ti pín sí méjì, apá kan fẹ́ fi í sílẹ̀, apá kejì kò fẹ́. Bí olùtọ́jú bá gbèjà apá kan, aláìsàn yóò gbèjà èkejì. Nítorí náà, kí olùtọ́jú má jiyàn, kí ó má wàásù. Kí ó bèèrè, kí ó gbọ́, títí aláìsàn yóò fi ti ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí òun fi fẹ́ yí padà. Àwọn àgbà wa sọ èyí ní gbólóhùn kan: ẹnu ẹni ni a fi í kọ mé-jẹ.

Ní gbọ̀ngàn náà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ wọn ní ìfetísílẹ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tí ń hàn lára ògiri, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ṣe olùtọ́jú, ọ̀gbẹ́ni kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun ṣe ọ̀mùtí. Eré náà dùn. Ìbéèrè ọmọbìnrin náà ṣe wẹ́kú, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń mu tíì, mo bẹ olùkọ́ pé kí a jẹ́ kí àwọn méjèèjì tún un ṣe ní Yorùbá. Ó gbà.

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí bàbá náà kí ó tó jókòó. Orúkọ tí ó ń pè é nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé pè mọ́. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ ọtí. Bàbá náà wò ó: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni o fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ọtí?" Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èsì ìyẹn. Ohun tí ó mọ̀ láti ilé ni ó sá bá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ro ti àwọn ọmọ yín." Bàbá náà sì ṣe ohun tí gbogbo bàbá í ṣe bí a bá fi ọmọ bẹ̀ wọ́n: ó ṣèlérí. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ti di ẹ̀bẹ̀ àti ìlérí, èyí tí gbogbo ìyàwó ọ̀mùtí ti gbọ́ sú.

Ìyá kan, òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ní kí a jẹ́ kí òun gbìyànjú. Ó fa àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bàbá náà, kò sí níwájú rẹ̀. Ó kí i, ó bèèrè iṣẹ́, ó bèèrè ara. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwé wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n ní kí n fi bi yín léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ojú yín ń rí." Ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Bàbá tí ń ṣe eré náà wo ilẹ̀, ó ní, "Ojú mi ń rí nǹkan." Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Mo rò pé gbogbo wa ni a mọ̀ pé eré ti parí. Olùkọ́ wo aago, ó ní àkókò ti lọ, a sì padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ìyá náà ṣe ni ohun tí ìwé náà ń wá. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé náà, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, ibí ni àléébù ẹ̀kọ́ yìí wà. Ó gbà pé ọgbọ́n wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, pé ìtumọ̀ lásán ni ó kù. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ni "láti oókan dé ẹẹ́wàá", òun ni ó sì sọ àbúrò mi di ọmọ iléèwé. Láàárín Yorùbá, kò sí ìbéèrè tí kò ní ọjọ́ orí. Ẹni tí a ń pè ní "ẹ" àti ẹni tí a ń pè ní "o" kò dáhùn bákan náà, ẹni tí a sì bi ní ìbéèrè bí olùkọ́ yóò wá èsì tí olùkọ́ fẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àgbà Yorùbá kò mọ̀ ju ìbáwí lọ, pé ìfetísílẹ̀ irú èyí kò sí nínú àṣà wa. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ wo ìdí Ifá. William Bascom ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1969, àwọn tí ó dàgbà sí agbo ilé babaláwo sì mọ̀ ọ́n láìka ìwé. Ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Owó ni ó ń sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ̀ odù tí ó yọ, ẹni náà ni yóò sì mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ òun mu. N kò sọ pé kí a gbé ọpọ́n Ifá lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa ní irú ìjókòó kan tí ẹni tí ó mọ̀ kì í ti dájọ́, tí ẹni tí nǹkan ń ṣe sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ mọ ìṣòro rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀nà tí ẹnì kan kò tọ̀ rí. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò: àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará abúlé, ìbátan wọn kan ń bá wọn gbé láti máa tọ́jú wọn, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Lambo kò túmọ̀ ilé ìwòsàn Birmingham sí Yorùbá. Ó bèèrè ohun tí ilé ìwòsàn yóò jẹ́ bí Ẹ̀gbá bá ni ó dá a sílẹ̀. Ní 2020 ni Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú Lancet, tí ó fi hàn pé ara àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú túbọ̀ yá bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ń bá oníṣègùn ìbílẹ̀ àti oníwòsàn ìgbàgbọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe bárakú ni ìwádìí náà dá lé. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí ṣeé fi òṣùwọ̀n ìmọ̀ wọ̀n, kì í ṣe àlá àwọn olólùfẹ́ àṣà.

Dókítà kan sọ fún mi pé Yorùbá kò ní orúkọ fún àwọn èròjà inú ọpọlọ. Kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ òyìnbó wọn lọ. Kò sí ẹni tí ó bínú sí i. Àwọn ohun tí mo ń bèèrè kéré. Kí a wá irú ìyá yẹn ní ìlú mẹ́wàá, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí a kọ bí wọ́n ti ń bèèrè, bí wọ́n ti ń dákẹ́, bí ọmọdé ṣe lè bá àgbà sọ̀rọ̀ ọtí tí kò ní di ẹ̀bẹ̀, bí a ṣe ń gba ìyàwó tàbí ìyá aláìsàn láyè láìtú àṣírí rẹ̀. Kí ó di ìwé, kí a fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò kí a tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Òfin ìlera ọpọlọ tí a buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin tí ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó kù kí ẹnu wa tẹ̀lé òfin.

Àbúrò mi ti padà sí ìtọ́jú ní ibòmíràn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí bárakú ti rí. Ní ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo bi í ìdí tí ó fi sọ mẹ́wàá lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo rò pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ yẹn. Mo fẹ́ kí ó yege ni."