Fọ́tò Tí Kò Ní Orúkọ: Lámèyítọ́ Àwòrán Ewéko nínú Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Bí fọ́tò bá rẹwà, ṣé ó ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ náà nìyẹn? Ìbéèrè yìí kan àwa olùkọ́ ní Zuba, níbi tí àlejò ti máa ń ya Àpáta Zuma, tí ewéko etí ọ̀nà kì í sì í rí ẹni bojú wò ó.

Ẹ wo patanmọ́. Fọ́tò kan lè fi ewé rẹ̀ tó là hàn kedere, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló sọ ohun tí fọ́tò náà fi pamọ́: bí ọwọ́ bá kàn án, yóò pa itan mọ́. Nítorí náà, fọ́tò méjì ló yẹ é: ọ̀kan kí a tó fọwọ́ kàn án, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kùn, tó máa ń ká jọ.

Ògbóǹtarìgì ayàwòrán ni Pierre Verger; síbẹ̀, nínú ìwé rẹ̀, Ewé (1995), orúkọ àti ọfọ̀ ló fi ṣe òpó, torí orúkọ ewé sábà máa ń tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ Yorùbá àti ti Gbagyi, ọjọ́ àti ibi, sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Láìsí èyí, ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán ni.