Àtòrì àti Òǹwòran Nínú Ọdún Ògìyán

Àwọn onílàmèyítọ́ tó ń yẹ ọdún ìbílẹ̀ wò sábà máa ń ka iye èrò tó wọ́ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè ohun tí èrò náà wá ṣe. Ọdún Ògìyán ní Èjìgbò tú àṣìṣe yìí fó.

Bí ọdún iṣu tuntun yìí bá dé, ilé a kún, ìta a kún. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣòwò ní Abidjan wà lára àwọn tó ń wálé. Ìjà àtòrì ló ń fa ojú jù: Òkè Màpó a kọjú sí Ìsàlẹ̀ Òṣolò, wọn a sì na ara wọn.

Nínú ìtàn tí Pierre Verger kọ sílẹ̀, Awoléjé, babaláwo tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Eléjìgbò, ti àjò dé, ó sì fi orúkọ ẹ̀fẹ̀ tó jẹ mọ́ iyán jíjẹ bèèrè ọba lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kà á sí àfojúdi. Wọ́n nà án, wọ́n tì í mọ́lé. Ọdún méje ni òjò kò fi rọ̀. Nígbà tí ọba mọ ìdí rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Awoléjé gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará ìlú máa na ara wọn lọ́dọọdún.

Ní 1970, Ruth Finnegan kọ ọ́ pé eré oníṣe kò gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n ìtàgé wo ìjà Èjìgbò yóò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní ìtàkùrọ̀sọ gígùn, kò sì ní aṣọ ìkélé. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ti wà lọ́kàn èrò kí àtòrì tó dún. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ di gbèsè gbogbo ìlú. Nítorí náà ni ìlú fi ń jẹ ẹgba náà fúnra rẹ̀. Èrò ni òṣèré.

Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, pa kókó yìí mọ́: nínú ọdún òrìṣà kan náà, wọ́n ń fi àtòrì kan àwọn tó péjọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ní FESTAC 1977, ọ̀pọ̀ eré ìbílẹ̀ gun orí ìtàgé ní Èkó. Òǹwòran jókòó sí ọ̀tọ̀. Ijó lè gba irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìjà Èjìgbò síbẹ̀, ètùtù yóò di àwàdà àwọn tí ń na ara wọn fún àlejò. Ó yẹ kí lámèyítọ́ ọdún ìbílẹ̀ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń kópa, kó tó ka ẹni tó wá wòran.