Kí A Tó Wọ́n Omi Sáṣọ Tábìlì

Bí ìjì bá jà lórí òkun, orúkọ ọ̀gákọ̀ ni ìtàn rẹ̀ máa ń gbé délé. Wọ́n á ròyìn bó ṣe dúró nídìí ìtọ́kọ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n á ròyìn àwọn tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rántí agbáwo tó ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná kiri nígbà tí ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mi ò bínú sí i, iṣẹ́ wa ni. Ìfẹ́ tí mo ní sí àwọn àgbà agbáwo inú ọkọ̀ akérò ló mú mi kọ àròkọ yìí, pàápàá jù lọ nítorí ọgbọ́n kan tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Ó kéré lójú débi pé ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà lè rò pé omi la fi ń ṣòfò: kí a wọ́n omi sáṣọ tábìlì kí ìgbì tó dé. Ohun tí mò ń jà fún ni pé ojú ọjọ́ kì í ba iṣẹ́ jẹ́ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ọjọ́ tó ṣáájú ló ti bà á jẹ́, nígbà tí ẹni tó yẹ kó rí i kò wò.

Ẹ wo ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ń ná láyé ọjọ́un. Aureol, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ìwé ọkọ̀ sì pè é ní tọ́ọ̀nù 14,083. Á kúrò ní Liverpool, á yà ní Las Palmas, á yà ní Freetown, á kan Takoradi kó tó wọ Èkó, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo rẹ̀. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kọ́ òfin, ìṣègùn àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbà lọ, tí wọ́n sì gbà bọ̀, títí Aureol fi ṣíwọ́ ní 1974. Ẹni tó ń bọ̀ wálé kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán tí ọkọ̀ á fi kan Bay of Biscay. Níbẹ̀, ìgbì tó ti rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì láti ìwọ̀ oòrùn Àtìláńtíìkì kò rí ilẹ̀ kankan tó dí i lọ́nà, bí ọkọ̀ sì ṣe kọjú sí gúúsù, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gbà á. Ọkọ̀ tó bá fi ẹ̀gbẹ́ gba ìgbì, fífì ló kù. Á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, àwọn tó wọ kóòtù tuntun jáde láàárọ̀ á sì wá ibi tí wọ́n á forí pamọ́ sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń ti Èkó lọ ní tirẹ̀ ti jẹun bí ọba láti Takoradi dé Las Palmas, ó ti gbàgbọ́ pé òkun ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Biscay máa ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Mi ò ní pẹ́ lórí gbígbé etí igi tábìlì sókè tàbí dídè àga mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọmọṣẹ́ ti ń kọ́ ìyẹn. Omi ni ọ̀rọ̀ wà. Aṣọ tábìlì tó jẹ́ ojúlówó, òwú ni, aṣọ onírun tó nípọn ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí òwú bá gbẹ, abọ́ á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá mu omi díẹ̀, á wálẹ̀, á lẹ̀ mọ́ aṣọ abẹ́ rẹ̀, òrùka ìdí abọ́ á sì di okùn òwú mú. Ẹ dojú abọ́ tánganran dé, ẹ fi ìka ra òrùka ìdí rẹ̀ níbi tí wọn kì í fi dídán sí, ẹ óò rí i pé ó ń ha ìka bí ahọ́n ológbò. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Àwọn àgbà kì í da omi láti inú jọ́ọ̀gì. Wọ́n á ki ìka márààrún bọ inú omi, wọ́n á kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n dànù lẹ́ẹ̀kan, ohun tó bá kù lọ́wọ́ ni wọ́n á wọ́n yí ibi tí abọ́ máa jókòó ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí àwọ̀ aṣọ náà á fi ṣókùnkùn díẹ̀. Bó bá ti ń dán, omi ti pọ̀ jù: á wọ ìsàlẹ̀ lọ, aṣọ onírun á wú, ọwọ́ ẹ̀wù èrò á rin, tábìlì á sì máa rùn kó tó di ọjọ́ kejì. Bí omi ò bá sì tó, ooru yàrá oúnjẹ á ti fà á gbẹ kí ọbẹ̀ tó dé. Ibi tí èrò ń gbé apá lé gbọ́dọ̀ gbẹ. Ìgò ò sì gbọ́dọ̀ dúró lórí ibi tó tutù láéláé, torí ohun tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, bó bá kọ̀ tí kò yọ̀, ṣíṣubú ló kù fún un. Inú ihò pákó ni ti ìgò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fì máa ń sinmi díẹ̀ níbi tó bá fì dé, bí ọmọ lórí jangirọ́fà, kó tó pa dà. Agbáwo á bá a sinmi, orúnkún rẹ̀ á rọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá sí òró ló ń gbé ẹsẹ̀. Ìdajì abọ́ ni yóò bu ọbẹ̀ dé, bí èrò bá fẹ́ sí i, á tún wá. Èyí ò ṣeé fi ẹnu kọ́, torí náà mo fi í sílẹ̀.

Ìgbà tí a ó wọ́n omi yìí gan-an ló ya ọ̀gá sọ́tọ̀ lára ọmọṣẹ́. Bí abọ́ bá ti yọ̀ kí a tó sáré wá omi, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Abọ́ àkọ́kọ́ tó bá fọ́ ni gbogbo yàrá á gbọ́, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà ro, torí èébì inú ọkọ̀, rírí ni ẹlòmíì fi ń kó o. Báwo wá ni a ṣe ń mọ̀ ṣáájú? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbì máa ń dé ṣáájú ìjì tó bí i. Lórí omi jíjìn, ìgbì gígùn ń yára ju kúkurú lọ. Èyí tó gba ìṣẹ́jú-àáyá 14 láàrin orí kan sí èkejì lè rin bí 500 máìlì òkun láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ó lè dé ìdí ọkọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn, tí àwọn èrò na gbalaja sórí àga ní dẹ́ẹ̀kì. Kò ga, kò ní ìfófòó lórí, kódà ẹni tó ń wo òkun lè má rí i. Agbáwo tí kò ní fèrèsé ló ń rí i. Omi inú jọ́ọ̀gì ló ń wò, àti aṣọ tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbígbọ̀n kéékèèké tí atẹ́gùn ìtòsí ń fà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìgbésókè kan á ti yọjú, jẹ́ẹ́jẹ́, bí èémí ẹni tó sùn wọra, pákó ara ògiri á sì dún níbi tí kì í ti í dún. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ìgbà yẹn gan-an la máa ń bu omi sínú abọ́, tí a óò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan dè é.

Ẹni tó bá ń jiyàn pé òkun tí kò sí atẹ́gùn lórí rẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan, kí ó rántí Accra kí wọ́n tó ṣí èbúté Tema ní 1962. Ojú òkun ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí. Wọ́n á kó èrò sínú àpótí onígi tí wọ́n ń pè ní mammy chair, wọ́n á fi wíǹṣì gbé e kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń fi àjẹ̀ wà. Ọ̀run lè mọ́ roro lọ́jọ́ náà, kí ewé má mì létíkun, síbẹ̀ kí ọkọ̀ kékeré yẹn máa ròkè, kó máa wálẹ̀ ju gíga ènìyàn kan lọ. Ìjì tó jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù Àtìláńtíìkì ló rán ìgbì yẹn wá. Ẹni tó di wíǹṣì mú kì í wo ọ̀run, ìgbì ló ń kà, ìgbà tí ọkọ̀ bá gòkè tán ló sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà sì ní ewu tirẹ̀. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1912, òkun tí Titanic ń rìn lórí rẹ̀ tẹ́jú bíi dígí. Ká ní ìgbì díẹ̀ wà ni, ì bá máa fọ́ lára òkè yìnyín tí ọkọ̀ náà kọlù, àwọn alóre ì bá sì rí funfun rẹ̀ ṣáájú.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni pé ọkọ̀ ti tóbi, wọ́n sì ti fi ìyẹ́ irin sí i lábẹ́ omi, tó ń tì í dúró kó má fì. Ọ̀rọ̀ ìtóbi yìí ti pẹ́. Nígbà tí Queen Mary bọ́ sórí òkun ní 1936, tó gùn ju 300 mítà lọ, àwọn tó kàn án gbà pé ọkọ̀ tó tóbi tó yẹn kò nílò igi ìdìmú lẹ́bàá ògiri ọ̀nà inú rẹ̀. Ìgbà òtútù ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Èrò ń fò láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì ní láti pa dà wá kan igi ìdìmú náà. Àwọn atukọ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ náà lè fì títí wàrà á fi jáde kúrò nínú tíì. Ọdún 1958 ni wọ́n tó fi ìyẹ́ irin sí i. Mi ò kẹ́gàn ìyẹ́ irin, ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí apá ẹyẹ ló ṣe ń ṣiṣẹ́: àfi kí omi máa sáré kọjá lára rẹ̀. Bí ìjì bá wá le tí ọ̀gákọ̀ dín eré kù, ìgbà yẹn gan-an ni agbára ìyẹ́ náà ń dín kù. Kò sì ṣe nǹkan kan sí títẹríba ọkọ̀, nígbà tí iwájú bá ń wọlẹ̀ tí ìdí ń gòkè. Yàrá oúnjẹ tó bá wà nítòsí ìdí ọkọ̀ mọ èyí dáadáa.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ: wọ́n ní sátẹ́láìtì ti ń rí ìjì láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ kàn fi tẹlifóònù pe ìsàlẹ̀ kí ẹ sọ fún agbáwo. Òótọ́ ni pé ó ń rí i. Wọ́n mọ ibi tí ìjì Hurricane Luis wà ní oṣù kẹsàn-án 1995, síbẹ̀ ọkọ̀ QE2 pàdé ìgbì kan tó ga tó bí 29 mítà. Ohun tó gba ọkọ̀ náà là ni pé Ronald Warwick, ọ̀gákọ̀ rẹ̀, ti dín eré kù, ó sì ti kọ iwájú ọkọ̀ sí i kó tó dé. Ìròyìn sátẹ́láìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ní láti fi ojú wo òkun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ojú ọjọ́ fún gbogbo Àtìláńtíìkì kò lè mọ̀ pé tábìlì tó wà lápá ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ yọ̀, tàbí pé bí ọ̀gákọ̀ bá yí orí ọkọ̀ díẹ̀ péré, fífì lè di títẹríba láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan. Tẹlifóònù náà yóò dún, mo gbà, àmọ́ abọ́ á ti wà nílẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni ọjà gbàrọgùdù tó gbòde yìí. Wọ́n ti fi pọlíẹ́sítà rọ́pò òwú, torí kò ní wàhálà lílọ̀. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ óò rí i tí omi ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò: kò mu, kò sì di nǹkan kan mú. Wọ́n ti fi abọ́ oníke rọ́pò tánganran, ìdí rẹ̀ ń dán bí ojú rẹ̀. Kí abọ́ oníke má baà yọ̀ lórí pọlíẹ́sítà, wọ́n tún wá ra rọ́bà pelebe tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí rọ́bà ń di abọ́ mú ju omi lọ. Ó ń dì í mú lóòótọ́, n kò jiyàn. Àmọ́ abọ́ ló dì mú, kò di ọbẹ̀ mú. Agbáwo tí kò ní láti ronú nípa abọ́ kò ní bojú wo jọ́ọ̀gì, á bu ọbẹ̀ kún dé ẹnu, á gbé e síwájú èrò. Bí ọkọ̀ bá fì, abọ́ á jókòó pẹ̀sẹ̀, ọbẹ̀ á wà lórí itan aláìṣẹ̀.

Ó ku àtakò kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, torí àwọn àgbà fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́: bí o bá tètè wọ́n omi jù, o ti kéde ìjì. Èrò tó bá fọwọ́ kan aṣọ tútù níbi tí òkun ti tẹ́jú á bi ara rẹ̀ pé kí ló ń bọ̀, ẹ̀rù nìkan sì tó láti lé e kúrò nídìí oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀gá kì í fi í wọ́n gbogbo tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìparí yàrá, níbi tí ọkọ̀ ti ń gòkè jù, ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí èrò tó wọlé, á sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àárín bí jọ́ọ̀gì ṣe ń sọ fún un. Bí ìgbì bá wá kọjá láìṣe nǹkan kan, tábìlì mẹ́ta péré ló ní láti gbẹ. Gbígbẹ ẹ náà gba sùúrù: bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ Las Palmas, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á ṣí aṣọ onírun sílẹ̀ láti òru mọ́jú kó gbẹ tán pátápátá, wọ́n á tẹ́ òwú mìíràn lé e, wọ́n á pa etí igi dé. Èrò tó bá wá jẹun àárọ̀ níbẹ̀ á fọwọ́ ra aṣọ náà, á bèèrè tíì.