Baba tí Ó Sáré: Àyẹ̀wò Ìtàn Ọmọ Onínàákúnàá

Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ ojú lójú. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọmọ onínàákúnàá rí fún àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi í dẹ́rù bà wá pé ọmọ tí kò bá gbọ́ràn yóò bá ẹlẹ́dẹ̀ jẹun. Nínú eré tí a máa ń fi í ṣe, ibi tí ọmọ náà ti ń náwó ni a máa ń pẹ́ sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlù àti ijó wà. Nígbà tí yóò bá fi padà sílé, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lójú tèmi, orí ìtàn náà ni a gbé kodò. Kì í ṣe ìtàn ọmọ tí ó náwó. Ìtàn baba kan ni, àti ti ọmọ méjì tí kò sí èyí tí ó fọkàn tán ìfẹ́ rẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìtàn yìí fi ohun tí ìgbàgbọ́ jẹ́ hàn wá ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò dárúkọ ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lúùkù nìkan ni ó kọ ọ́, ní orí 15 ìwé rẹ̀. Àwọn Farisí àti àwọn akọ̀wé ń kùn pé Jésù ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹun, Ó sì fi ìtàn mẹ́ta dá wọn lóhùn. Nínú èkíní, àgùntàn 1 nù nínú 100. Nínú èkejì, owó fàdákà 1 nù nínú 10. Nínú ẹ̀kẹta, ọmọ 1 nù nínú 2. Bí iye ti ń dín kù ni ìrora ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ mìíràn wà níbẹ̀. Wọ́n wá àgùntàn, wọ́n wá owó. Kò sí ẹni tí ó wá ọmọ lọ. Owó kò lè pinnu pé òun kò fẹ́ olówó òun mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ lè kọ baba. Ẹni tí a bá fi okùn fà wálé kò tíì padà wálé. Ohun tí ó kù fún baba ni kí ó máa wo ọ̀nà.

Yorùbá tí ó bá ka ìtàn náà yóò tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni àbúrò fi bẹ̀rẹ̀. Àwa kì í pín ogún alààyè. Lọ́dọ̀ àwọn Júù pẹ̀lú, ìlọ́po méjì ni ti àkọ́bí, lẹ́yìn ikú baba ni ogún sì ń di ti ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ọmọ tí ó bá ní kí baba òun fún òun ní ogún òun, ohun tí ó ń sọ ni pé baba náà pẹ́ láyé jù. Baba kò ṣépè fún un. Ó pín in.

Nígbà tí ebi dé, ọmọ náà ronú. Ọ̀pọ̀ oníwàásù a máa pe ìrònú yìí ní ìgbàgbọ́. Èmi kò tètè gbà. Ẹ wo ohun tí ó rò: àwọn alágbàṣe baba òun ń jẹun yó, ó sì ń ṣẹ́kù, kí baba fi òun ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ó gbẹ́kẹ̀ lé oúnjẹ baba. Ó gbẹ́kẹ̀ lé òdodo rẹ̀, pé kì í jẹ owó alágbàṣe mọ́lẹ̀. Kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé ìfẹ́ rẹ̀. Lójú rẹ̀, ipò ọmọ ti bọ́. Ohun tí ó kù ni kí ó ṣiṣẹ́ kí ó sì gba owó. Ó wá kọ́ ohun tí yóò sọ sórí, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ dáhùn ìdánwò níwájú olùkọ́.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti yí padà. Baba rí i lókèèrè, ó sì sáré. A máa ń sọ pé àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Kí ni ó ń lé baba yìí? Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ó pa ìtàn náà, ìyá ni ì bá sáré. Baba ì bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó sì kó àwọn àgbà ẹbí jọ láti bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n a kò gbúròó ìyá nínú ìtàn yìí rárá. Baba ni ó ṣe ti baba, òun náà ni ó ṣe ti ìyá. Kò dúró de ẹlẹ́bẹ̀. Ó ti dì mọ́ ọmọ náà kí ọmọ tó la ẹnu. Nígbà tí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ àkọ́sórí rẹ̀, kò dé ibi tí ó ti fẹ́ tọrọ iṣẹ́ alágbàṣe. Ẹ fi ohun tí ó rò wé ohun tí ó sọ, ẹ ó rí i pé gbólóhùn kan kù. Aṣọ, òrùka àti bàtà ni ó gba ipò gbólóhùn náà.

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Nínú ìgbàgbọ́, gbígbà wà, gbígbọ́ sì wà. Ọmọ náà ti gbọ́ pé ọmọ ni òun. Ó wá kù kí ó gba aṣọ ọmọ wọ̀, láìní kọ́bọ̀ tí yóò fi san án. Onígbàgbọ́ ni a ń pe ara wa ní ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́, a kò gbà. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí ó parí ní 1884, mọ ohun tí gbígbà báyìí jẹ́. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821; ọdún 25 kọjá kí ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó nù tí a sì tún rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Ẹ̀gbọ́n ni ó kù. Ó ti oko dé, ó gbọ́ ìlù, ó kọ̀ kò wọlé. Nígbà tí baba jáde wá bẹ̀ ẹ́, kò pè é ní baba. Ó ka ọdún tí ó ti fi sìn ín, ó ka àṣẹ tí kò rú, ó ka ọmọ ewúrẹ́ tí a kò fún un rí. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní ọmọ baba rẹ̀, bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ọbàkan tí ó kórìíra. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, sìn. Òun ni a fi ń sọ̀rọ̀ ẹrú tí ó ń sin olówó rẹ̀, òun náà ni a fi ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń sin Ọlọ́run. Ilé baba ni ẹ̀gbọ́n wà, ọkàn alágbàṣe ni ó fi ń gbé e. Àbúrò rò pé òun kò ní owó iṣẹ́ í gbà mọ́. Ẹ̀gbọ́n rò pé owó iṣẹ́ òun kò pé. Ìṣirò kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Àwọn kan yóò ní irú ìfẹ́ yìí ni a ń pè ní àkẹ́jù, àkẹ́jù sì ń ba ọmọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbùkù. Ṣùgbọ́n baba kò dá owó tí ọmọ ná padà fún un. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n pé gbogbo ohun tí ó kù, ti ẹ̀gbọ́n ni. Kò sì pe ẹ̀ṣẹ̀ ní ohun kékeré: òkú ni ó pe ọmọ náà kí ó tó padà. Àkẹ́jù kì í ná olùkẹ́ ní nǹkan kan nínú iyì rẹ̀. Ìfẹ́ yìí mú àgbà sáré ní gbangba.

Mo mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí dáadáa, nítorí pé mo ti sọ ọ́ rí. Nígbà tí àìsàn mú ìyá mi lọ, mo ka iye ààwẹ̀ tí mo ti gbà fún Ọlọ́run, bí ẹni tí ó ń ka owó fún onígbèsè rẹ̀. Ìtàn yìí kò sọ ìdí tí ìyá mi fi kú. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé Ẹni tí mo ń bá ṣírò kì í ṣe ọ̀gá iṣẹ́, àti pé baba tí ó jáde pàdé ọmọ tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé, òun náà ni ó tún jáde lọ bá ọmọ tí ó ń bínú lẹ́nu ọ̀nà. Èyí ni mo rí fẹ̀yìn tì.

Lúùkù kò sọ fún wa bóyá ẹ̀gbọ́n wọlé. Àwọn tí ń kùn ni Jésù ń bá sọ̀rọ̀, àwọn ni ó sì fi ìdáhùn sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ fi ìtàn yìí ṣeré, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó dín ijó ìlú òkèèrè kù, kí ó jẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ ní ìta pẹ̀lú baba àti ẹ̀gbọ́n, níbi tí ìró ìlù ti ń wá láti inú ilé.